Sí Àṣàkẹ́, Tó Sọ̀ Kalẹ̀ ní Stéṣọ̀n Kejì

Fẹ́sítáàkì,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Àṣàkẹ́ mi,

O ní kí n má pè ọ́ lónìí. Mi ò pè. Ṣùgbọ́n o ò ní kí n má kọ̀wé, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí kí o ka eléyìí. Mo mọ̀ pé o ti ń rojú. Rojú títí, kí o sáà máa kà á lọ. Mo ti yọ ìwé fúlúsíkáàpù nínú àpótí Dádì rẹ, mo ti pa tẹlifísọ̀n, mo sì ti sọ fún Màmá Ńkẹ́chí ní ìsàlẹ̀ pé kó má wá kan ilẹ̀kùn mi títí di ìrọ̀lẹ́, pé mo ń bá ọmọ mi jà. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ìjà náà fún òun. Tí mo bá kọ ọ́ tán, màá fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ. Ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan mọ́, tí kò bá hàn dáadáa, sún un mọ́ ojú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé etí mi wà nílẹ̀ nígbà tí mo ń gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní ìlú kékeré kan pè ọ́ fún ìntáfíù ní Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ó di oṣù keje tí o ti dé Ìlú Ọba, ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí ni o sì ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì tó kàwé gboyè, tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé. Ìntáfíù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Obìnrin tó bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣàlàyé ọ̀nà fún ọ: kí o pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní stéṣọ̀n ńlá, kí o sì sọ̀ ní stéṣọ̀n kẹta. O wọkọ̀. O ka stéṣọ̀n ńlá tí o ti wọkọ̀ ní ọ̀kan. O ka èyí tó tẹ̀lé e ní èjì. O ka èyí tó tẹ̀lé ìyẹn ní ẹ̀ta, o gbé báàgì rẹ, o sọ̀ kalẹ̀. O ní orúkọ tí o rí lára pátákó jọ èyí tí obìnrin náà pè, ọ̀rọ̀ kan péré lára rẹ̀ ló yàtọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní Amúwo Òkè àti Amúwo Ìsàlẹ̀. Nígbà tí o máa fi rí i pé ibẹ̀ kọ́, ọkọ̀ ti lọ. Kò sí òṣìṣẹ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù, àfi bẹ́ǹṣì kan àti àwọn àgùntàn tó ń wò ọ́ lẹ́yìn ọgbà. Ọkọ̀ mìíràn di wákàtí méjì.

Má bínú o, mo rẹ́rìn-ín níbi àgùntàn yẹn.

Ibi tó tẹ̀lé e ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. O pe obìnrin náà, o ní ọkọ̀ ojú irin ló pẹ́. Ọkọ̀ tí kò pẹ́! Ọkọ̀ tó tètè dé, tó tètè lọ! Ó ní kò burú, pé òun fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta láti pe òun padà kí ẹ jọ mú ọjọ́ mìíràn, pé tí òun ò bá gbúròó rẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òun á mú ẹlòmíràn. O wá ń sunkún sínú fóònù, o ní ojú ń tì ọ́, pé tó bá bi ọ́ léèrè nípa ọkọ̀ tó pẹ́, irọ́ wo ni o tún máa pa lé e. Láàárọ̀ òní ni o wá kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ṣókí: "Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́ta náà pé lónìí. Ẹ jẹ́ kó lọ. Tí oṣù yìí bá ti parí, mò ń bọ̀ wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lónìí."

Ó dáa. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó wá kàn mí báyìí.

Èkíní. Èmi ni mo jẹ̀bi stéṣọ̀n kẹta yẹn. Kì í ṣe ìwọ.

O wà ní pírámárì tú. Tíṣà yín bi yín pé tí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mélòó ló kù kí Ọjọ́rú tó pé. O kọ ẹ̀ta. Ó fi bírò pupa fagi lé e. O sunkún wọlé bá mi ní ilé ìdáná. Mo ní kí n wò ó. Ọjọ́ Ajé, ọ̀kan, Ìṣẹ́gun, èjì, Ọjọ́rú, ẹ̀ta. Kí ló burú níbẹ̀? Bí ìyá mi ṣe ń kà á nìyẹn. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Tí a bá sì ní òní ọjọ́ mẹ́jọ, ṣebí irú ọjọ́ òní gan-an lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ là ń sọ? Ni mo bá gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá tíṣà náà nínú kíláàsì. Mo ní, "Tíṣà, òní tí a wà nínú rẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ó ní, "Ọjọ́ ni, mà."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò kà á?"

Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ ṣàlàyé. Mi ò gbà. Nígbà tó rí i pé mo ti fa àga kékeré kan, pé mo fẹ́ jókòó tì í, ó fi bírò pupa yẹn kan náà dá máàkì rẹ padà. Èmi àti ìwọ jáde bí ẹni tó borí ní kóòtù. Mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún ọ lọ́nà.

Tíṣà yẹn tọ̀nà, Àṣàkẹ́. Èmi náà tọ̀nà. Ọ̀nà méjì ló wà tí ènìyàn lè gbà kà á, ọ̀kan ni mo sì jẹ́ kí o mọ̀. Òyìnbó kì í ka ibi tó dúró sí. Ìgbà tó bá ti kúrò níbẹ̀, tó dé ibòmíràn, ló tó máa ń sọ pé ọ̀kan. Mo mọ èyí dáadáa kí n tó lọ bá tíṣà náà jà, nítorí ó ti ṣe mí rí, mo kàn fẹ́ borí ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Tọ́jú ojú ìwé yìí o, nítorí o ò ní rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Bó ṣe ṣe mí rí nìyí. Ọ̀sẹ̀ tí a kó dé ilé yìí, oyún rẹ ti wọ oṣù keje. Dádì rẹ ti ṣáájú kó ẹrù wá. Ó ní àjà kejì ni ilé wa wà, ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Dádì rẹ, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì, kò ka ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kà á. Mo ka ti ìsàlẹ̀ ní ọ̀kan, mo gun àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ̀kan péré, mo ní èjì nìyí, mo rí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì tó ṣí sílẹ̀, mo wọlé. Gbogbo ilé tó wà ní kílóòsì yìí ló jọra nígbà náà, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n. Mo rí àga kan, mo ní Dádì rẹ mà gbìyànjú o, ó ti ra àga. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo sùn lọ.

Obìnrin kan tó mú ìgbakọ lọ́wọ́ ló jí mi. Ó ní, "Àǹtí, ilé mi nìyí o. Ṣé ìwọ náà máa jẹun?" Yorùbá Màmá Ńkẹ́chí ò ní "ẹ" nínú nígbà náà, kò sì tíì ní in títí di òní. Mo fẹ́ dìde, ìtìjú fẹ́ pa mí, ikùn ò jẹ́ kí n tètè dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó ti bu ìrẹsì sínú àwo kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Ká ní mo sá jáde ni, tí mo ń fi aṣọ bojú kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, àwa méjèèjì ì bá má mọra. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Dádì rẹ wà ní Àbújá, Màmá Ńkẹ́chí ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo bí ọ, òun ló kọ́kọ́ gbé ọ lẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Mi ò sọ pé kí o máa ṣìnà kiri. Mo ní ibi tí o bá ṣì dé, ènìyàn wà níbẹ̀, má sì sá fún wọn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ irọ́. Gbọ́ eléyìí, nítorí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, nínú ilé wa, Dádì rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi títí ikú fi mú un lọ.

Mi ò tíì mọ Dádì rẹ nígbà náà. Táípíìsì kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Èkó. Wọ́n mú ènìyàn méjì láti lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Kàdúná, èmi àti Kọ́mfọ́ọ̀tì tí a jọ ń lo tábìlì kan. Kọ́ọ̀sì yẹn ló máa sọ wá di sẹ́kítírì gidi, tí a ó máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá àgbà. A wọ rélùwéè. Nígbà tí a dé Ọ̀fà, ọkọ̀ dúró, òórùn iṣu sísun sì wọlé lójú fèrèsé. Kọ́mfọ́ọ̀tì ní, "Fẹlí, má sọ̀ o. Ọkọ̀ yìí ò ní pẹ́ níbí." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo sọ̀. Mo ra iṣu. Ká ní mo tiẹ̀ fi mọ síbẹ̀ ni, kì bá burú, ṣùgbọ́n mo tún ní kí ìyá oníṣu bá mi fi epo sí i. Bó ṣe ń da epo ni fèrè dún.

Mo sáré o. Mo sáré pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, bàtà kan bọ́ sílẹ̀, Kọ́mfọ́ọ̀tì na apá jáde lójú fèrèsé, ó ń ké "Fẹlí! Fẹlí!" bí ẹni pé orúkọ mi ló máa gbé mi wọkọ̀. Ọkọ̀ lọ. Báàgì mi, aṣọ mi, lẹ́tà kọ́ọ̀sì mi, gbogbo rẹ̀ bá a lọ, àfi tíkẹ́ẹ̀tì àti owó díẹ̀ tó wà lápò mi.

Ọ̀gá stéṣọ̀n jáde wá, bàbá jẹ́jẹ́ kan. Ó wo iṣu ọwọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Ó ní, "Jẹ iṣu rẹ, ọmọ mi. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Màá kọ̀wé lé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, á ṣì gbé ọ dé Kàdúná. Ìyàwó mi wà nílé, wá sùn lọ́dọ̀ wa." Ó tọ́ka sí ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, obìnrin kan sì wà níbẹ̀ lóòótọ́ tó ń sá aṣọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe wà níwájú mi kedere. Mo kọ̀ ọ́. Mo ń rò ó bí màá ṣe wọ kíláàsì lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, tí wọ́n á bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, tí màá sì ní iṣu ni. Mo wọ lọ́rì, mo padà sí Èkó.

Mo lọ bá Màdáàmù, ọ̀gá wa. Mo ti kọ́ ohun tí màá sọ látinú lọ́rì. Mo ní, "Màdáàmù, rélùwéè bàjẹ́ ní Ọ̀fà. Gbogbo wa la padà." Gbogbo wa! Màdáàmù yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Fẹlí, Kọ́mfọ́ọ̀tì pè wá láti Kàdúná láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹrù rẹ ti dé, ìwọ ni o ò dé."

Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọ ọ́fíìsì, ẹnì kan á ní, "Ẹrù Fẹlí ńkọ́?" Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi dúró kí wọ́n tó tún fi orúkọ mi ránṣẹ́. Nígbà tí Màdáàmù fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó pè mí, ó ní ká ní mo wọlé lọ́jọ́ náà tí mo ní, "Màdáàmù, mo sọ̀ lọ ra iṣu, ọkọ̀ fi mí sílẹ̀," òun ì bá bú mi dáadáa, òun ì bá sì fi mí sínú ọkọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní irọ́ yẹn ni òun ò mọ ohun tí òun lè fi ṣe. Kì í ṣe iṣu ló jẹ ọdún mẹ́rin mi, Àṣàkẹ́. Irọ́ ni, àti lọ́rì yẹn.

Nítorí náà, tí o bá pe obìnrin náà, òótọ́ ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, kí o tó kí i tán pàápàá. Sọ fún un pé ọkọ̀ ò pẹ́. Sọ pé o ka stéṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan nílé yín, o sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó yẹ. Sọ pé ojú ló tì ọ́ tí o fi purọ́, pé o bẹ̀ ẹ́, àti pé o fẹ́ iṣẹ́ náà. Má fi "ṣùgbọ́n" kankan sí i. Má dárúkọ òjò, má dárúkọ fóònù tí kò ní iná. Tó bá rẹ́rìn-ín, bá a rẹ́rìn-ín. Tó bá bínú, gbọ́ ọ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán, kí o sì tún sọ pé o fẹ́ iṣẹ́ náà. Dúró síwájú dígí kí o kọ́ ọ sórí báyìí. Mo mọ̀ ọ́, tí o kò bá kọ́ ọ, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "ẹ̀n, ẹ̀n" kiri.

Ẹ̀kẹta. Bàbá orí bẹ́ǹṣì ńkọ́?

O rò pé mi ò gbọ́? Láàárín ẹkún yẹn, o sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé bàbá arúgbó kan wá jókòó tì ọ́ ní stéṣọ̀n aláìlénìyàn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè ṣí ìgò oògùn rẹ̀. Pé o bá a ṣí i. Pé o ka ohun tó wà lára ìgò kí o tó fún un, o sì rí i pé ti alẹ́ ló fẹ́ lò ní àárọ̀. Pé o bá a wá ti àárọ̀ jáde nínú àpò rẹ̀, o kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò méjèèjì, o sì jókòó tì í títí ọkọ̀ fi dé. Lẹ́yìn náà ni o ní, "Ohun tí mo fi wákàtí méjì ṣe nìyẹn, Mọ́mì, òfò ni."

Òfò bí i ti báwo? Ta ni wọ́n ń wá ní ilé ìwòsàn yẹn? Ṣé ẹni tó mọ stéṣọ̀n kà ni, àbí nọ́ọ̀sì? Ìwọ tí ayé ti dojú rú fún láàárọ̀ yẹn, tí omi ń bọ́ lójú rẹ, o ṣì ka ara ìgò kí o tó fún aláìsàn ní oògùn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n wà nínú wọ́ọ̀dù, tí inú wọn dùn, tí ọkàn wọn balẹ̀, tí wọn ò kà á. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìntáfíù ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, sọ ti bàbá yẹn fún wọn. Má fi kún un. Sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, o sì ti rí i pé kíkà ò mọ́ wa lórí nílé yìí: má gba iye stéṣọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń júwe ọ̀nà fún ọ. Orúkọ ni kí o gbà. Kí ó pè é fún ọ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o kà á padà sí i létí. Tí kò bá yé ọ, ní kó tún un sọ. Mo mọ̀ pé nítorí pé ohùn rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà ni o ò ṣe bi í lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o má máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, ẹ̀kọ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í ṣe àrífín. O lè bi àgbà léèrè ní ìgbà márùn-ún kí o sì kúnlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá wù ọ́. Tí ọjọ́ ìntáfíù bá pé, wọ ọkọ̀ tó ṣáájú èyí tí o rò pé ó tọ́, bi ẹni tó jókòó tì ọ́, bi ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ mọ ibi tí ò ń lọ. Kò sí ẹni tó mọ ọ́ níbẹ̀. Ta ni ò ń tijú sí?

Ó yá, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ láti òkè, nítorí ká ní mo ti sọ ọ́, wàá ti sáré dé orí fóònù kí o tó gbọ́ ti irọ́, wàá sì tún lọ pa òmíràn lé e.

O ní ọjọ́ mẹ́ta náà pé lónìí. Ta ló kà á fún ọ? Ọjọ́ Ajé ni obìnrin náà sọ̀rọ̀. O ka Ọjọ́ Ajé ní ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ní èjì, Ọjọ́rú ní ẹ̀ta. O tún ti kà á bí mo ṣe kọ́ ọ! Òyìnbó ò ka ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣẹ́gun: Ìṣẹ́gun, ọ̀kan, Ọjọ́rú, èjì, Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ta. Ọ̀la ni. Àyè yẹn ṣì ṣí sílẹ̀. Nígbà tí mo ka mẹ́sẹ́èjì rẹ láàárọ̀, mo fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sọ̀ lọ bá Màmá Ńkẹ́chí, mo ní kó bá mi kà á. Òun náà ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ìdí tí mo fi fara balẹ̀ kọ ìwé gígùn yìí nìyẹn. Ká ní òní ló parí ni, ǹ bá pè ọ́ ní igba ìgbà, bí o bá fẹ́ kí o bínú.

Wàyí o, ohun kan ló kù, òun ló sì ṣòro jù fún mi láti kọ. Mo ti ní kí o má purọ́, kò sì yẹ kí èmi náà pa á.

Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní ò ń bọ̀ wálé, inú mi dùn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Àyà mi ò já, ọ̀rọ̀ rẹ ò ká mi lára, inú mi kàn dùn ṣàkà. Ilé yìí ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí Dádì rẹ ti lọ. Àwo kan ni mò ń fọ̀. Mo ṣí yàrá rẹ, mo ti ń gbọn eruku lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń ro bí a ó ṣe jọ máa rìn lọ sí Amúwo ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé bí a ti máa ń ṣe, tí wàá máa sọ pé mò ń yára jù. Mo ń kọrin, Àṣàkẹ́. Ẹnu orin yẹn ni mo wà tí mo fi ronú kan ohun tí mo ń yọ̀ sí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo sunkún gan-an, nítorí ojú ti èmi náà.

Mo fẹ́ kí o wálé. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò fẹ́ ẹ. Tí o bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó sì sú ọ, wá. Tí àárò mi bá mú ọ jù, wá. Tí obìnrin yẹn bá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ tó ní òun ò fẹ́ ọ, wá, màá wà ní pápákọ̀ òfuurufú kí ọkọ̀ òfuurufú rẹ tó balẹ̀, mi ò sì ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òun ló gbọ́dọ̀ sọ "rárá" yẹn. Má bá a sọ ọ́. Mi ò bí ọ kí o máa bá àwọn ẹlòmíràn sọ "rárá" sí ara rẹ.

Jẹun. Sùn. Fọ ojú rẹ láàárọ̀, kí o wọ aṣọ tó dára bí ẹni pé obìnrin náà máa rí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, màá wà lórí ìkúnlẹ̀. Kí ìwọ wà lórí fóònù.

Fẹlísíà